Ta Ni Ó Rán Ẹ̀rọ Gun Orí Ọba? Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Tí Ń Ya Sinimá Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ti ìbò. Ọ̀rọ̀ sinimá ni. Mo mọ̀ dájú pé bí àwọn kan bá ti rí orúkọ náà báyìí, wọn yóò fẹ́ ṣí ìwé kọjá, nítorí pé lójú tiwọn ohun tí àwọn ọmọdé fi ń pa alẹ́ ni sinimá jẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró. Ohun tí ń sọ fún àwọn ọmọ wa bí ọba ti ń jókòó, bí ìyá ti ń sunkún, àti bí àwọ̀ ara wa ti rí nínú ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ohun tí àgbà lè kọ ẹ̀yìn sí.

Ní ìjọ́sí, a pe àwa bíi mélòó kan sí gbọ̀ngàn ìlú kan láti wá wo sinimá tuntun tí wọ́n ṣe lórí ìtàn ọba àtijọ́ kan. N kò ní dárúkọ ìlú náà, n kò sì ní dárúkọ ẹni tí ó ṣe sinimá náà, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni ó jẹ̀bi. Wọ́n náwó sí i: aṣọ òfì wà, iyùn wà, ẹṣin wà, ààfin gan-an ni a sì gbà wọ́n láyè láti lò. Wọ́n pa iná gbọ̀ngàn, àwòrán sì bẹ̀rẹ̀. Láti ojú ọ̀run ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ ayàwòrán kan tí ń fò bí àṣá wo gbogbo òrùlé ìlú. Ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró gangan sókè orí ọba tí ó jókòó ní àgbàlá, tí a sì ń wo ṣóńṣó adé láti òkè bí ìgbà tí ènìyàn ń wo inú kànga. Ìjòyè àgbà kan jókòó tì mí, ẹni tí ó ti ju ọgọ́rin ọdún lọ. Ó fọwọ́ kàn mí ní orúnkún, ó ní, “Ta ni ó gun òrùlé yẹn tí ó ń wo Kábíyèsí láti òkè?” Mo ní, “Ẹ̀rọ ni, Bàbá.” Ó ní, “Ta ni ó rán an?”

N kò rí èsì fọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìran tí ó yẹ kí ó pa wá lẹ́kún dé. Ìránṣẹ́ ti ojú ogun bọ̀, ó wá sọ fún ọba pé àrẹ̀mọ rẹ̀ ti kú. Ọ̀sán gangan ni wọ́n yà á. Iwájú ògiri tí a fi ẹfun kùn ni ọba jókòó sí, ojú rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò, eyín rẹ̀ nìkan ni a ń rí. Bí a kò ti lè rí ojú rẹ̀, ẹnu nìkan ni ó kù tí ó lè fi bá wa sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ títí ó fi sú ni: ó ní inú òun bàjẹ́, ó ní ayé òun dojú rú, ó ní ẹkún òun kò lópin, ó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìjòyè àgbà náà tún bi mí léèrè, “Èwo nínú wọn ni ọba?”

Nígbà tí ó parí, mo wá ọmọkùnrin tí ó di ẹ̀rọ ayàwòrán náà mú kàn. Ọmọ tí a kọ́ nílé ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja. Mo bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Bàbá, ẹ̀rọ òde òní kò béèrè ẹ̀kọ́ kankan. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀.”

Gbólóhùn yìí ni mo wá bá jà.

Ẹ̀rọ kò mọ ọba yàtọ̀ sí ògiri. Bí a bá fi í sílẹ̀ kí ó yan ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni yóò pò pọ̀, tí yóò sì wá ibi tí ó wà láàárín dúdú àti funfun. Bí ògiri ẹfun bá gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwòrán, ẹ̀rọ yóò ṣe bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú aláwọ̀ dúdú tí ó wà níwájú ògiri náà yóò sì di òkùnkùn. Ìṣirò lásán ni; kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ yóò wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sí ojú ènìyàn, kò ní bìkítà fún ti ògiri. Yóò gbé ọba kúrò níwájú ẹfun lọ sí iwájú ògiri amọ̀ tàbí aṣọ aláró. Yóò dúró de ìrọ̀lẹ́. Yóò sì wá ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ yóò gbà wọlé, nítorí pé àwọ̀ dúdú ní ìwà tirẹ̀. Bí a bá da iná lé e tààrà láti iwájú, pẹlẹbẹ ni yóò rí bí pákó. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ tí ó gbòòrò, tí kò le koko, bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, ara dúdú a máa dán, ìtànṣán a tẹ̀ lé eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí, a ó sì rí ojú náà bí ìgbà tí agbẹ́gilére ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀. Àwọn ìyá wa tí ń fi òrí pa ọmọ lára kí wọ́n tó gbé e jáde síta mọ èyí ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń pe ara wọn ní ayàwòrán lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ẹ̀rọ wọ̀nyí kò ní ìlú tí wọ́n ti wá. Láti àwọn ọdún 1950 ni ilé iṣẹ́ Kodak ti ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ-fọ́tò, kí wọ́n máa fi ṣe òdiwọ̀n àwọ̀. Àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni ó wà lórí káàdì náà. Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí awọ ara Shirley bá ti jáde dáradára, iṣẹ́ ti parí. Pé awọ ara tiwa sọnù sínú òkùnkùn kò dá ẹnikẹ́ni dúró. A sì gbọ́ pé lára àwọn tí ẹjọ́ wọn jẹ́ kí a tún fíìmù náà ṣe lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tí ń ṣe àga onígi, tí wọ́n ráhùn pé oríṣiríṣi àwọ̀ ilẹ̀ tí ó wà lára ọjà wọn kò yàtọ̀ síra nínú fọ́tò. Igi rí alágbàwí kí ènìyàn tó rí i! Ẹ̀rọ tí ó wà lóde nísinsìnyí sàn ju ti ìgbà náà lọ púpọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí ó ní ẹ̀rọ yóò ṣe gbogbo rẹ̀ ti lọ fi ojú ọba lé ọwọ́ ohun tí a kò fi ojú ọba kọ́.

Mo padà sí ìbéèrè ìjòyè àgbà. Ibi tí a gbé ẹ̀rọ ayàwòrán sí ni ibi tí a mú òǹwòran dúró sí. Bí a bá gbé e sún mọ́ ilẹ̀ tí ó ń wòkè, a ti mú òǹwòran dọ̀bálẹ̀. Bí a bá gbé e sókè tí ó ń wolẹ̀, a ti mú un gun orí ẹni tí ó ń wò. Àwọn òyìnbó ń fi èyí kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ sinimá wọn gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ jíjinlẹ̀. Àwa tí a ti ń kúnlẹ̀ tí a sì ń dọ̀bálẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí a mọ̀ pé ọba pàápàá kì í wo inú adé ara rẹ̀, àwa ni ó yẹ kí wọ́n wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. N kò sọ pé kí a sọ ẹ̀rọ tí ń fò nù. Ó dára fún ọjà, ó dára fún odò ní àkókò òjò, ó dára fún ogun tí ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Bí ìtàn bá sì kan ọba tí ìlú ti kọ̀, tí àwọn ìjòyè ti ń múra láti rọ̀ lóyè, nígbà náà ni kí a wò ó láti òkè, kí ara òǹwòran sì wárìrì pé nǹkan ti bàjẹ́ láàfin. Ẹni tí ó bá wo gbogbo ọba láti òkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ní ohun tí yóò ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Òfin mìíràn wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀, nítorí pé ọmọdé tí ó ti jókòó ti ọpọ́n ayò rí yóò mọ̀ ọ́n kí a tó là á yé e. Ọ̀ta méjì dojú kọ ara wọn, ọpọ́n wà láàárín. Ẹni tí ń wòran jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èkejì wà ní ọwọ́ òsì. Bí ó bá fò lójijì kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀tún di òsì, òsì di ọ̀tún, kò sì mọ ẹni tí ó ń jẹ ayò mọ́. Bákan náà ni pẹ̀lú ènìyàn méjì tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú sinimá: ìlà kan tí a kò lè fojú rí wà láàárín wọn, ẹ̀gbẹ́ kan ìlà náà ni ó yẹ kí ẹ̀rọ dúró sí. Nínú sinimá tí mo ń sọ yìí, wọ́n fo ìlà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọba àti ìránṣẹ́ rẹ̀ fi jọ ẹni tí ó kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, tí àwọn méjèèjì ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ọjọ́ méjì pére ni a lè fi kọ́ ọmọ ní òfin yìí.

Nísinsìnyí mo fẹ́ wọ inú ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí jù.

Ní 1903 ni a kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó, ní Gbọ̀ngàn Glover. Nígbà tí ó ṣe, ìjọba amúnisìn rí i pé ohun èlò ńlá ni. Òyìnbó kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Sellers, tí ó ṣiṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà, tí ó sì ń gbé àwòrán kiri láti kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ́tótó. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní 1939, òun ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Sellers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìlànà kan lélẹ̀ fún sinimá tí a ó fi han àwa adúláwọ̀: kí ó máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí àwòrán kan pẹ́ lójú kí òmíràn tó dé, kí a má ṣe fò láti ibì kan sí ibòmíràn lójijì, kí a sì yẹra fún gbogbo ọgbọ́n inú ẹ̀rọ. Ìdí rẹ̀ ni pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rò, ojú wa kò tí ì mọ bí a ti ń ka àwòrán.

Ojú wa! Ojú àwọn tí baba ńlá wọn rọ àwọn orí idẹ tí a hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ ní Ifẹ̀ ní 1938! Ojú àwọn tí ń wí pé ẹni tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran! Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní ìgbà tí ọ̀rúndún ogún ṣì kéré. Ní ìhà kan ilẹ̀kùn náà, wọ́n gbé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, Captain Ambrose, bọ̀ lórí ohun ìrù. Ní ìhà kejì, Ògògà jókòó, ó ń dúró dè é. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ó fi ẹni tí ń bọ̀ dojú kọ ẹni tí ó jókòó, ó jẹ́ kí àwọn ère náà yọ jáde láti ara pákó, ó yí orí wọn sí ẹni tí ń wò wọ́n, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún wa. Bí èyí kò bá jẹ́ fífi àwòrán sọ ìtàn, kí ni à ń pè é? Àwọn òyìnbó kan náà ni wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, kò sì padà. British Museum ni ó wà títí di òní. Wọ́n mọ̀ pé a lè gbẹ́ ẹ, wọ́n ní a kò lè wò ó.

Sellers ti lọ, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ti kógbá wọlé. Ta wá ni ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lónìí? Àwọn ọmọ wa ni. Ẹ wo sinimá mẹ́wàá nínú èyí tí wọ́n ń gbé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sọ fún mi iye ìgbà tí ẹ rí ènìyàn méjì lórí àga tìmùtìmù, ẹ̀rọ dúró síwájú wọn gbagidi, iná funfun kan ṣoṣo dà lé wọn lórí, tí wọ́n sì ń ro ẹjọ́. Ọkọ já ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀: a kò rí i, ọ̀rẹ́ ìyàwó ni ó sọ ọ́ lórí fóònù. Obìnrin ń sunkún: ó tún ń sọ fún wa pé òun ń sunkún. Olè wọlé: ó ń dá sọ̀rọ̀ pé òun ti wọlé. Àwọn tí ń ṣe èyí kò tí ì gbọ́ orúkọ Sellers rí, síbẹ̀ wọ́n gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé òǹwòran Yorùbá kò ní òye, pé bí a kò bá fi ẹnu là á fún un lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní yé e. Àbùkù tí àjèjì fi kàn wá ni a ń fi ọwọ́ ara wa dì mú.

Ṣé àwa kọ́ ni a ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi? Ṣé àwa kọ́ ni a ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà? Ẹ jẹ́ kí a mú òwe kejì yìí bí ó ti wà, nítorí pé gbogbo ẹ̀kọ́ nípa àwòrán ìsúnmọ́ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìránṣẹ́ bá wí pé àrẹ̀mọ ti kú, kí ẹ̀rọ ayàwòrán fi gbogbo ààfin sílẹ̀, kí ó sún mọ́ ojú ọba. Kí ọba má sọ ohunkóhun. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó bo ojú rẹ̀ láti etí adé yóò mì díẹ̀, nítorí pé èémí rẹ̀ ti yí padà, a ó sì mọ̀. Lẹ́yìn náà, kí a wo ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ti tú kúrò lára rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Lev Kuleshov, ará Rọ́ṣíà, ti dán irú èyí wò ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn: ó mú àwòrán ojú òṣèré kan tí kò fajú ro tí kò sì rẹ́rìn-ín, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ àwo ọbẹ̀, ó tún fi ojú kan náà sí ẹ̀gbẹ́ pósí. Àwọn tí ó wò ó rí ebi nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n sì rí ọ̀fọ̀ nínú èkejì. Òǹwòran ni ó parí ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀. Ọbẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí alejò bu iyọ̀ díẹ̀ sí i fúnra rẹ̀ a máa tètè sú ni.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ ni ẹwà Yorùbá, pé èmi fẹ́ sọ wá di odi. Rárá o. Èmi fúnra mi lè jókòó láti àárọ̀ di alẹ́ gbọ́ ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ fún Saworoidẹ, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, ìṣúra ni wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n Kèlání kò dé ibẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ nìkan. Ó ti ṣiṣẹ́ ayàwòrán ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Lọ́ńdọ́nù. Òun ni ó sì di ẹ̀rọ mú fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn sinimá Yorùbá àtijọ́ kí ó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìlù bá dún nínú sinimá rẹ̀, a rí ọwọ́ ayàn, a rí saworo, a rí ojú ọba tí ń bẹ̀rù ìlù náà. Ọ̀rọ̀ jókòó sórí àwòrán bí adé ti ń jókòó sórí orí. Ọlá Balógun, tí ó darí Àjàní Ògún ní 1976 àti Aiyé ti Hubert Ògúnǹdé ní 1979, Paris ni ó ti kọ́ iṣẹ́. Ògúnǹdé, ọ̀gá nínú eré orí ìtàgé, kò tijú láti fi sinimá rẹ̀ àkọ́kọ́ lé ẹni tí ó kọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ òde òní ni ó ń tijú ẹ̀kọ́.

Àwọn mìíràn yóò ní ti òyìnbó ni. N kò fẹ́ fi àkókò ṣòfò lórí èyí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a fi tẹ ìwé yìí náà kò hù ní oko Ifẹ̀. Ousmane Sembène ará Senegal ti kọ ìwé ìtàn àròsọ jáde, ó sì ti lókìkí, nígbà tí ó rí i pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn òun kò lè ka Faransé tí òun fi kọ wọ́n. Ó súnmọ́ ẹni ogójì ọdún nígbà tí ó lọ jókòó bí ọmọ ilé ìwé ní Moscow láti kọ́ iṣẹ́ sinimá. Ó padà wá, ó ṣe Borom Sarret ní 1963. Nígbà tí ó sì di 1968, ó ṣe Mandabi ní èdè Wolof. Ọgbọ́n tí ó kọ́ ní òkèèrè ni ó fi gba èdè ilé rẹ̀ là.

Èyí tí mo gbọ́ jù lọ ni ti owó. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ dáradára, iṣẹ́ olówó ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Subrata Mitra ará Íńdíà fún yín. Nígbà tí Satyajit Ray fẹ́ ṣe Pather Panchali, èyí tí ó jáde ní 1955, kò lówó tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ náà fi ń dúró láti ìgbà dé ìgbà, títí ìjọba ìpínlẹ̀ West Bengal fi bá a parí rẹ̀. Mitra ni ó fi ṣe ayàwòrán. Ẹni ọdún 21 ni, kò sì tí ì di ẹ̀rọ sinimá mú rí. Ẹ má yọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀kọ́ kò wúlò! Mitra ti jókòó ti àwọn ará Faransé tí wọ́n wá ya sinimá Jean Renoir ní Bengal. Ó ń wò wọ́n lójoojúmọ́, ó sì ń ya ibi tí wọ́n gbé iná sí sínú ìwé bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti ń ṣe. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe Aparajito ní 1956, wọ́n kọ́ àgbàlá ilé kan ní Benares sínú ilé iṣẹ́. Ní àgbàlá tòótọ́, ojú ọ̀run ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, kò sì í ní òjìji líle. Mitra ta aṣọ funfun, ó yí iná kúrò lára àwọn òṣèré, ó kọjú rẹ̀ sí aṣọ náà. Ìmọ́lẹ̀ ta padà, ó rọ̀, ó sì jọ ti ojú ọ̀run. Aṣọ funfun, ẹ̀yin ará mi! Ilé wo ni kò sí aṣọ funfun ní ilẹ̀ àwọn ọmọ Ọbàtálá? Kazuo Miyagawa ará Japan lo dígí láti da oòrùn sínú igbó fún Rashomon ní 1950. Dígí àti aṣọ. Ohun tí kò sí kọ́ ni owó.

Mo fi èyí han ọmọkùnrin tí ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó wá sí ilé mi ní ọ̀sẹ̀ kejì, a ta aṣọ ìbusùn sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì ya ìyàwó mi níbi tí ó jókòó tí ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó wo àwòrán náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá òun lè mú aṣọ náà lọ. (Ìyàwó mi ní kò lè mú un lọ.)

Ní 2023, níbi àjọ̀dún Sundance ní Amẹ́ríkà, àwọn adájọ́ fi ẹ̀bùn pàtàkì fún yíya àwòrán dá sinimá kan lọ́lá, Mami Wata, tí C.J. Obasi, ọmọ Nàìjíríà, darí. Ilẹ̀ Benin ni wọ́n ti yà á, ní etí òkun, ní dúdú àti funfun. Ẹni tí ó di ẹ̀rọ mú ni Lílis Soares, obìnrin adúláwọ̀ láti Bràsíl. Ẹ lọ wo bí ojú àwọn ènìyàn ti rí nínú òru inú sinimá náà: dúdú inú dúdú, síbẹ̀ kò sí ojú kan tí ó sọnù, ẹfun tí wọ́n fi kun ojú sì ń tàn bí ìràwọ̀. Bí obìnrin kan bá lè ti òdì kejì òkun wá sí etí òkun tiwa láti fi hàn wá bí àwọ̀ wa ti lẹ́wà tó lálẹ́, ìtìjú ni fún wa pé a kò lè fi í hàn lọ́sàn-án gangan ní ààfin.

Ohun tí mo wá ń béèrè nìyí. Ẹ̀yin Ọba àti Ìjòyè, ẹ̀yin ni ẹ ni ààfin, ẹ̀yin ni ẹ ni igbó àti ojúbọ tí wọ́n ń wá yá. Kí ẹ tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe béèrè iye tí wọn yóò san nìkan. Ẹ ní kí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí yóò di ẹ̀rọ mú hàn yín. Ẹ yan ẹnìkan láti ààfin tí yóò dúró ti ẹ̀rọ náà, tí yóò lè sọ pé, “Ẹ má ṣe gba òkè wò ó.” Ẹ̀yin bọ̀rọ̀kìní, àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa ti dáwó jọ rí láti rán àwọn ọmọ lọ kọ́ òfin àti ìṣègùn, a sì ti ní agbẹjọ́rò tí ó pọ̀ tó báyìí, kí wọ́n má bínú sí mi. Ilé ẹ̀kọ́ sinimá ti ìjọba wà ní Jos láti 1995; àwọn mìíràn wà ní òkèèrè. Ẹ rán ọmọ kan lọ kọ́ ìmọ́lẹ̀. Kí ó má jẹ́ ọmọ tí ó fẹ́ di gbajúmọ̀ òṣèré. Kí ó jẹ́ irú ọmọ tí ó ń wo nǹkan pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ẹ sì ní kí ó padà wá kọ́ mẹ́wàá.

Mo ti gbé àbá náà lé ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́, yóò sì kà á ní ìpàdé tí ń bọ̀: kí Ẹgbẹ́ gbọ́ bùkátà ọmọ méjì fún ọdún méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá nínú owó náà, kí ó fi orúkọ ránṣẹ́ sí Akọ̀wé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ìjòyè àgbà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ná.